Ọdún Tí Kíláàsì Mi Ń Ka Àwòrán

Títí di òní, bí òórùn íńkì tútù bá ta sí mi nímú lára ọ̀rá, ọkàn mi a máa rò pé ilẹ̀ ti mọ́, oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé òórùn yẹn ni mò ń mí sínú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Okokomaiko, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ tà: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì, páálí ọṣẹ, ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò àgbo. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ya wọ́n, mo sì gbà pé láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìjànìkín, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ mọ́ àwọ̀ bíi tèmi. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi, mo sì gba ara mi gbọ́.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní. Ó ní, “Ẹni tí kò mọ á, tí kò mọ bí, gbọ́dọ̀ lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó sì nawọ́ sí ọjà tó fẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó di dandan kó kàwé kó tó dá a mọ̀, ìwọ ò tíì ṣiṣẹ́ kankan.” Mo fi òfin yìí sọ́kàn bí ẹni fi orúkọ bàbá rẹ̀ sọ́kàn. Bí mo bá parí iṣẹ́ kan, màá fi ọwọ́ bo gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ wà, màá wá wò ó bóyá àwòrán nìkan tó láti sọ ohun tó wà nínú ọ̀rá náà. Bó bá tó, mo ti ṣe tán nìyẹn, kí oníbàárà máa kówó bọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe omi dídùn inú ọ̀rá fún àwọn ọmọdé. Ó ní kí n ya ọsàn sí i, ọsàn tó pọ́n dáadáa, tí a là sí méjì, kí omi máa kán lára rẹ̀. Mo bi í pé ọsàn mélòó ló máa ń fún sínú ọ̀rá kan. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ó ní, “Anti, ọsàn tí ẹ bá yà síbẹ̀ yẹn náà ni.” A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ya ọsàn náà, ó dára débi pé òùngbẹ gbẹ èmi fúnra mi. Ìgbà tí mo wá rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, tó ń fi eyín já ọ̀rá náà, tó ń sọ fún mi pé ọsàn lòun ń mu, ẹ̀rín náà kò wá mọ́. Inú mi bàjẹ́, mo sì bínú sí ara mi díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo lọ ṣe é.

N kò ní parọ́ pé ọsàn yẹn ló lé mi kúrò. Fóònù ló lé mi kúrò. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya iṣẹ́ wọn fúnra wọn, iṣẹ́ tó burú jáì, wọn á sì gbé e wá fún mi pé kí n kàn bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ọnà, mo di ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn.

Obìnrin kan tó ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbà máa ń wá tẹ kàlẹ́ńdà ilé-ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mọ́mì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àtolùkọ́ àtòbí àtẹni tó ń gbálẹ̀. Ọjọ́ kan tí mò ń ṣàlàyé àwọ̀ fún un, ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, kí lò ń ṣe nínú ihò yìí? Wá bá mi kọ́ kíláàsì kìíní. Olùkọ́ wọn ti lọ bímọ.” Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ilé, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi bí ẹni sọ àwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Wọ́n ní èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run. Ó dáa. Lánlọ́ọ̀dù wa ńkọ́, ṣé ọ̀run lòun náà ń gbé ni?” Bóyá tí kò bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni, n kì bá tí lọ. Bí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ̀rẹ̀, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì gígùn kan, ó di Ìbà. Mọ́mì ní kí n lo ọdún ìwé kan ná, kí òun wo ọwọ́ mi.

Ẹni tí kò kọ́ ọmọdé rí máa ń rò pé ohùn líle ni iṣẹ́ náà gbà. Èmi ò tiẹ̀ ronú nípa ohùn. Ògiri ni mo kọ́kọ́ wò. Ògiri kíláàsì mi rí bí ògiri ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé àbájọ táwọn ọmọ ò fi mọ̀wé. Mo ra káàdìbọ́ọ̀dù, mo ra kun, mo fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ya ṣáàtì. Ajá tó nahọ́n síta. Ọ̀bẹ tó ń dán. Ìgò, bàtà, ẹja, ilé tó ní fèrèsé aláwọ̀ ewé. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìgbà tí mo gbé wọn kọ́, àwọn ọmọ pariwo, “Yéè!” Àwọn olùkọ́ yòókù wá ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà tó ń kọ́ kíláàsì kejì ní, “Anti Ayàwòrán, ẹ ẹ̀ ní pa wá níbí.” Mọ́mì pe àwọn òbí kan wá wò ó. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn ọrùn.

Àwọn ọmọ náà sì mọ̀wé, àbí kí ni ká pè é. Mo kàn fi igi tọ́ka sí ṣáàtì ni, ohùn wọn á gba òrùlé: “Ajá! Ọ̀bẹ! Ìgò!” Kó tó di pé sáà kìíní parí, wọ́n ti ń ka gbólóhùn, torí pé mo ti ya ṣáàtì gbólóhùn náà. Ìyá dúró, ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni “Ìyá ra ẹja.” Kò sí ẹni tó ń ṣì í kà. Mo ń sọ fún ọkọ mi nílé pé mi ò mọ ohun táwọn olùkọ́ ń sunkún lé lórí, pé iṣẹ́ yìí kò le rárá.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà jù nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni láàárín àwọn ọlọ́dún mẹ́fà, torí pé kò rí ilé-ìwé lọ dáadáa nígbà tó wà ní Ìsẹ́yìn. Ìyá ìyá rẹ̀ ló mú un wá sí Èkó. Ìyá àgbà náà ń ta oúnjẹ àgbò ní Alaba Rago: koríko, èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo ẹ̀wà. Ìyá Oníkoríko ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tó mú ọmọ náà wá, ó bá mi sọ̀rọ̀ níta, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní, “Anti, nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó lè ka nǹkan tí wọ́n bá kọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ ọ́n kà kí n tó kú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ lórí eléyìí. Ọdún kan péré ni màá fún un. Bí ìwé ò bá wọ orí ẹ̀, kó wá jókòó tì mí lọ́jà kó kọ́ òwò.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ilé-ìwé wa ní ọjọ́ kan nínú sáà kìíní àti sáà kẹta tí àwọn òbí máa ń wá jókòó sí kíláàsì, tí àwọn ọmọ wọn á kàwé sí wọn létí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wu Mọ́mì jù, ṣùgbọ́n Ìyá Oníkoríko kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà mo jẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ka Yorùbá lára ṣáàtì mi. Ó dìde, ó kàwé náà bí ẹni da omi sílẹ̀ láti inú garawa. Kò dúró, kò mí. Ìyá àgbà náà bú sẹ́kún níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì kékeré. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Mo yára dì í mú, mo ní, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá,” ṣùgbọ́n lóòótọ́, ó wù mí kó kúnlẹ̀.

Ìsinmi sáà kejì la wà tí òjò àkọ́rọ̀ fi dé tòun ti ìjì, tó sì ká páànù mẹ́ta lórí kíláàsì mi. Nígbà tí a wọlé fún sáà kẹta, wọ́n ti kan páànù padà, ṣùgbọ́n ṣáàtì mi ti di jẹ́gẹjẹ̀gẹ. Kun ti ṣàn wá sílẹ̀, ajá ti wọ inú ìgò. Mo kó wọn dà nù. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo sọ lọ́kàn mi pé àwọn ọmọ kúkú ti mọ̀ ọ́n, pé wọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ “ajá” sára pátákó, mo bi gbogbo kíláàsì pé kí ni mo kọ.

Wọ́n ń wojú ara wọn. Mo rò pé ìsinmi ló ṣì wà lójú wọn. Mo kọ “ìgò,” mo kọ “bàtà.” Ọ̀kan ní, “Anti, èwo ni?” Òmíràn ní, “Anti, ẹ ò tíì yà á.” Mo wá yíjú sí ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n kà jù yẹn, mo ní kó dìde. Ó dìde kíákíá, inú rẹ̀ dùn pé mo pe òun. Kò tiẹ̀ wo pátákó. Ó kọjú sí ògiri òfìfo, ó nàka sí ibi tí ṣáàtì wà tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀: “Ajá. Ọ̀bẹ. Ìgò. Bàtà. Ẹja. Ilé.” Ìka rẹ̀ ń lọ láti ibì kan dé ibòmíràn lára ògiri, kò ṣi ibì kankan. Nígbà tó parí, ó wojú mi pé kí n ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì dúró gbọ́ àṣẹ, wọ́n ti pàtẹ́wọ́.

Mo ní kí wọ́n lọ ṣeré níta. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Òfin ọ̀gá mi ni mo mú wọ kíláàsì láìmọ̀: pé kí ẹni tí kò mọ̀wé lè dá ọjà mọ̀. Mo sì ṣe é yanjú. Gbogbo kíláàsì náà ń dá ọjà mọ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó mọ̀wé. Ìyá àgbà kíláàsì kejì wọlé wá bá mi, mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú. Ó ní, “Anti Ayàwòrán! Àbájọ tí wọn kì í ṣì í! Ó dáa tí òjò tètè bá ẹ yẹ iṣẹ́ ẹ wò, kì í ṣe èmi ni wọn ì bá kó wọn wá bá lọ́dún tó ń bọ̀?”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí àti á, bá. Bí àti é, bé. Kò sí àwòrán, kò sí kun, ṣọ́ọ̀kì funfun lásán ni. Àwọn ọmọ kórìíra rẹ̀ bí àgbo. Wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni mo máa ya ajá wọn padà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ tí n kò kà sí, àwọn tí kì í wo ṣáàtì mi, tí wọ́n máa ń sun oorun ọ̀sán lórí tábìlì, àwọn ni wọ́n tètè gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin yẹn ló wá le fún jù, torí pé ojú rẹ̀ mú, ó sì ti fi ojú náà jẹun pẹ́. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ojú mi ló máa ń wò, bóyá yóò rí ìdáhùn níbẹ̀. Mo kọ́ láti máa wo fèrèsé bó bá ń kàwé. Ó ń sunkún nígbà mìíràn. Èmi náà ń lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́, màá bu omi sójú, màá padà wá. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn fa lẹ́tà kan mọ́ èkejì, bí ẹni fa igi ìdáná tó wúwo wọlé.

Ọjọ́ àwọn òbí sì ń bọ̀. Mọ́mì pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, “Ṣáàtì dà? Àwọn òbí ti ń bi mí. Ya òmíràn kíákíá kí ọjọ́ náà tó pé.” Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó ní, “Mo mọ ohun tí ò ń sọ. Máa kọ́ wọn bó o ṣe fẹ́ ní ọjọ́ yòókù. Ṣùgbọ́n òbí kì í wọ aṣọ tó dáa kó wá wo ọmọ tó ń kólòlò. Lọ́jọ́ yẹn, kí àwòrán wà lára ògiri.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni bóyá màá dúró tàbí màá lọ wà.

Mo ro ó. Bí mo bá ya Ìyá tó di ẹja mú, ọmọbìnrin yẹn á tún dà á sílẹ̀ bí omi garawa, ìyá àgbà rẹ̀ á sunkún ayọ̀, ọmọ á máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Bí n kò bá yà á, ọmọ á kólòlò, ìyá àgbà á sì mú un lọ sọ́jà bó ṣe ṣèlérí. Ẹ ò rí i pé irọ́ ló lè mú un dúró sílé-ìwé, òtítọ́ ló lè lé e kúrò níbẹ̀. N kò rí ẹni bi. Nígbẹ̀yìn, mo rántí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ya ṣáàtì fún Mọ́mì, ṣáàtì ńlá mẹ́rin, mo fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ojú ọ̀run ṣe etí wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ló wà nínú wọn. Gbólóhùn tí àwọn ọmọ kò rí rí ni mo kọ. N kò ya àwòrán kankan, ìbáà ṣe ti kòkòrò.

Mọ́mì rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí àwọn òbí ti ń wọlé. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó tún wo ògiri. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn òbí. Ó kan ọmọ-ọmọ Ìyá Oníkoríko. Ó dìde, ó dúró níwájú ṣáàtì. “À… àn… tí…” Ó nàka sí i. “Àntí… wa… r… ra… Àntí wa ra… ẹ… yẹ… ẹyẹlé.” Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó bọ́ sí gbólóhùn kejì, ó há sójú kan, ó tún padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó kà á dé òpin. Mo fẹ́ fò sókè. Gbólóhùn tí kò rí rí láyé rẹ̀ ló kà tán yẹn! Mo yíjú sí ìyá àgbà rẹ̀ láti rí ayọ̀ lójú rẹ̀. Ojú náà ti fà ro.

Níta, kò bá mi jà. Ó ní, “Anti, lọ́jọ́sí, ọmọ yìí ń kàwé bí ẹni kórin. Lónìí, ó di akólòlò. Kí lẹ ṣe fún un?” Mo ní, “Ìyá, lónìí gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé.” Ó mi orí. Ó ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ti gbìyànjú.” Ó di ọwọ́ ọmọ mú, wọ́n lọ. Àṣé ẹni tí kò mọ̀wé kà rí, ohun tí wọ́n há sórí ló máa ń dún bí ìwé létí rẹ̀, ìwé gidi ló máa ń dún bí àìmọ̀kan. N kò ronú débẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà kò wá. Ó di ọjọ́ kejì, kò wá. Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kí ìyá àgbà kíláàsì kejì bá mi wo àwọn ọmọ, mo wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa, ó di Alaba Rago. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Mo bá wọn láàárín àpò koríko. Ọmọ náà ń fi okùn di èèpo ẹ̀gẹ́, ó rí mi, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀. Àgbò ń ké níwájú, àgbò ń ké lẹ́yìn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pariwo ká tó gbọ́ ara wa. Ìyá Oníkoríko nu àpótí kan fún mi, ó fún mi ní omi. Mo kí i dáadáa, mo bi í léèrè ara. Lẹ́yìn náà mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ ké kéwú ní kékeré?”

Ó ní, “Ní Ìsẹ́yìn? Ta ni ò ké e?”

“Báwo ni Alfa yín ṣe máa ń mọ̀ pé ẹnì kan ti mọ ohun tó wà lára pátákó wàláà rẹ̀?”

Ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní, “Hẹ̀! Alfa wa yẹn, ó le! Bí o bá ń kà á geregere báyìí, á fi ọwọ́ bo òkè wàláà, á ní, ‘Ó yá, láti ìsàlẹ̀.’ Ẹni tó mọ̀ ọ́n á rọra máa ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á máa fà á. Ẹni tó há a, ńṣe ló máa dákẹ́ bí ẹni gbé ẹja mì.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Èwo lẹ jẹ́?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Èmi? Pàṣán ni mo jẹ!” Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi ìdí aṣọ nu ojú. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, “Ẹ fẹ́ sọ pé ó há tàkọ́kọ́ yẹn ni.”

“Ó há a, Ìyá. Èmi ni mo ràn án lọ́wọ́ tó fi há a. Èyí tó ń fà lọ́jọ́ náà, òun ló mọ̀.”

“Ọ̀rọ̀ yín dùn,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Báwo lèmi ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò há ìyẹn náà?”

N kò mú ìwé dání, bí mo bá sì mú un dání, ìwé mi ni, ohun kan náà ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Lára ògiri tí ìyá àgbà náà gbé àpò rẹ̀ tì, ẹnìkan ti fi kun pupa kọ nǹkan sí i, ìkọ̀wé tó wọ́ báṣabàṣa, tí ọ̀gá mi ì bá ti fi àkísà nu kúrò. Mo kà á, mo fẹ́ yí ọmọ náà lójú kúrò níbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Ìyá àgbà ti rí ibi tí ojú mi lọ. Ó ní, “Ẹ̀n-hẹ́n. Ìyẹn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ìyẹn. Ìwọ, wá síbí. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?”

Ọmọ náà jáde wá láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo ojú mi. Mo yíjú sí àwọn àgbò. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ariwo wọn. “Ẹ… m… má… Ẹ má…” Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. “T… tọ… tọ̀… Ẹ má tọ̀… sí… bí…” Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó mú mi yíjú padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí inú ń run. “Ìyá! Wọ́n ní… wọ́n ní káwọn èèyàn má tọ̀ síbí!”

Ìyá Oníkoríko kò rẹ́rìn-ín. Ó pe ọkùnrin tó ń ta okùn àgbò lódìkejì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ sára ògiri yìí?” Ọkùnrin náà na ọrùn wò ó. Ó ní, “Wọ́n ní kéèyàn má tọ̀ síbẹ̀ ni, Ìyá. Ó ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé.” Ìyá àgbà wo ògiri. Ó wo àwọn àpò tó gbé tì í. Ó wo àwo oúnjẹ rẹ̀ tó gbé ka ẹsẹ̀ ògiri náà. Ó ní, “Yéè, mo gbé! Èmi tí mo rò pé orúkọ onílé ni! Ibẹ̀ ni mo máa ń fẹ̀yìn tì tí mo bá fẹ́ jẹun!” Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wá mú gbogbo wa, ọkùnrin olókùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ kó àpò kúrò lára ògiri. Nígbà tí a ṣe tán, ọmọ náà tún mú èèpo ẹ̀gẹ́, ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Lọ fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ kó gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.” Nígbà tí mo fẹ́ lọ, ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

Ọmọ náà ti kúrò lọ́dọ̀ wa tipẹ́, ó ti wà ní ilé-ìwé girama. Mọ́mì kò lé mi. Ó ronú sí i títí, ó wá ní kí n máa kọ́ kíláàsì mi bó ṣe wù mí nínú, ṣùgbọ́n kí n bá òun ya àwòrán sí ògiri ìta, níbi tí àwọn òbí ti ń rí i. Mo yà á. Ó dára gan-an. Ajá wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọjá a máa ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Mo lọ kàwé olùkọ́ lọ́jọọjọ́ Sátidé, mo gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ọkọ mi sì ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n máa ń bi mí nígbà mìíràn bóyá iṣẹ́ àtijọ́ ń wù mí. Ó ń wù mí. N kò ní parọ́.

Àwọn òbí ṣì ń wá bi mí pé, “Anti, ṣé ọmọ mi ti mọ̀wé?” N kì í ní kí ọmọ kà á sí wọn létí mọ́. Ọ̀rọ̀ tó pa ọmọ-ọmọ Ìyá Oníkoríko lẹ́rìn-ín ni mo fi mọ̀ pé ó ti wọlé, torí ẹni tó ń wí ohun tó há sórí kì í ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín. Nítorí náà, mo máa ń kọ ohun kan tó lè pa ọmọ lẹ́rìn-ín sára pátákó, ohun tí kò rí rí, màá wá jókòó, màá máa wo ojú rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kí àwọn kan tó rẹ́rìn-ín. Mo máa ń dúró dè wọ́n.